Ìwé Àpò Àgbàdo Tí Mo Kọ Fún Ìyá Mi

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ fún olùkọ́ wa ní Sokodé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fọ́tòkópì ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ wa bàjẹ́, olùkọ́ sì ní kí kálukú kọ ojú ìwé kan sí ọ̀gá àgbà, kí a sọ ohun tó ṣe é àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Èmi bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo kí ọ̀gá àgbà. Mo kí àwọn ará ilé rẹ̀. Mo béèrè bóyá oòrùn oṣù yìí kò mú wọn jù, mo sì gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ní àlàáfíà. Nígbà tí n óò fi dé orí ẹ̀rọ, ìwé ti fẹ́ tán. Ìlà kan péré ló kù nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni mo há a sí pé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, inú mi sì dùn pé mo rántí sọ ọ́.

Olùkọ́ náà, ọkùnrin ẹ̀yà Tem kan tí gbogbo wa ń pè ní Mèsíyé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, fi bírò pupa fa ìlà láti òkè ojú ìwé mi wálẹ̀ gbọọrọ, ó dúró síbi ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé: "Ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀." N kò ní purọ́, ó dùn mí. Mo wò ó pé ọkùnrin yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì mí, ohùn mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa ni bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé iṣẹ́: ìròyìn tí ọ̀gá máa kà kó tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti ìwé ìlò, èyí tó ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan. Bí mo ṣe débẹ̀ kò ṣòroó sọ. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ní Kambolé, nílé wa, tí a ti ń gbin iṣu àti àgbàdo, wọ́n máa ń sọ pé bí mo bá ń ti ìdí kànga bọ̀, ẹnu mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́ kí wọ́n tó rí garawa orí mi.

Ẹni tó fẹ́ràn ẹnu náà jù ni tàńtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Tchamba. Àpò, okùn àti irúgbìn ló ń tà fún àwọn àgbẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wálé ló máa ń sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọmọ yìí, ọjà ni Ọlọ́run dá a fún. Ẹ fún mi." Bàbá mi kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kò sì fẹ́ já mi kulẹ̀. Ó ní kí n lọ sí Sokodé ná. Bí mo bá gba dípúlọ́mà, kí n wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní kí n tún kíláàsì kan náà kà, ọ̀rọ̀ ìwé ti parí nìyẹn, kí n lọ jókòó ti tàńtí mi ní Tchamba.

Tàńtí mi kì í ṣe ẹni ibi. Ó fẹ́ràn mi dénú, ó kàn ń fi sùúrù dúró de ọjọ́ tí n óò fìdí rẹmi ni. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ àga ìdí ọjà. Tábìlì tèmi ni mo fẹ́, kí n máa kọ ohun tí àwọn tí n kò mọ̀ rí máa kà. Mo ń fẹ́ ẹ débi pé bí mo bá kọjá níwájú ọ́fíìsì kan ní Sokodé, mo máa ń yọjú wo bí wọ́n ṣe to tábìlì sí.

Yàrá tí mo háyà wà ní Kouloundè, níbi tí àwọn ọlọ́kadà kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn sùn títí oòrùn á fi yọ. Bí mo bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ mi jáde, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Komah, sí ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ní ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti ń bá Mèsíyé jà nínú ọkàn mi. Ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ mi ní gbogbo ìgbà, ní Faransé: ta ni? Èwo? Títí di ìgbà wo? Ní ilé wa, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Mèsíyé ní òun kò mọ ọmọlúàbí kankan nínú ìwé ìlò. Odidi ni kí a kọ.

Nígbà kan ó ní kí a kọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n bu omi tó tó sí i. Ó bi mí pé báwo ni omi tó tó ṣe pọ̀ tó. Mo ní ẹni tó bá ti dáná rí á mọ̀.

"Ẹni tí kò dáná rí ńkọ́?"

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹ ìrẹsì, Mèsíyé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní òdo. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa o, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òdo yẹn kò kúrò níbẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kan mo ra fáànù kékeré kan, mo ń ka ìwé tó bá a wá, mo sì dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí n yí nọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà níwájú mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá: "Èwo?" Mo bínú sí ẹni tó kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, pẹ̀lú fáànù tí kò tíì dúró.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ fẹ́ parí, Mèsíyé fún wa ní iṣẹ́ àṣekágbá. Kí kálukú mú ohun kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń lò, kó kọ ìwé ìlò rẹ̀, kó gbé e lọ bá wọn. Ìwé nìkan ni kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó kọ ọ́ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé tó bá nílò ẹni tó kọ ọ́ kó tó yéni, kò tíì di ìwé. Òun fúnra rẹ̀ á wá wò ó, bí ọ̀rọ̀ kan bá sì jáde lẹ́nu wa kí iṣẹ́ tó parí, a ó tún kíláàsì kan náà kà. Nígbà tó ń sọ èyí, gbogbo kíláàsì yíjú sí mi.

Àpò àgbàdo ni mo mú. Àpò yìí ní ìpele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle kan lóde. Bí ènìyàn bá kó àgbàdo gbígbẹ sínú rẹ̀, tó fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, tó sì so ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, wọ́n á kú láìlo oògùn. Tàńtí mi ń tà á. Àwọn tó bá rà á ló sì ń padà wá bá a jà pé kòkòrò ti jẹ àgbàdo àwọn tán, nítorí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kó pọ̀ so lẹ́ẹ̀kan náà, bí àpò lásán. Ojú kan ìwé náà ni mo kọ ní Faransé fún Mèsíyé, ojú kejì ní èdè wa.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù láti sọ fún un. Ẹ̀kọ́ ti wọ̀ mí lára, orí ọ̀rọ̀ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, olùkọ́ wa ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àlàmísì."

Bàbá mi ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Bàbá."

"O ò kí mi. O ò béèrè ìyá ẹ. Ta ló kú?"

Ìgbà tí mo kí i tán, tí mo kí ìyá mi, tí mo béèrè àwọn ewúrẹ́ pàápàá, ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó ní, "Dákọ̀, ó dáa, kó máa bọ̀. Àmọ́ máa kí èèyàn o, ọmọ mi. Ìwé ò ní ká má kí èèyàn." Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí Mèsíyé dé lọ́jọ́ Àlàmísì, eruku ojú ọ̀nà Tchamba ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Bàbá mi gbọ́ èdè Tem dáadáa. Mèsíyé bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ó kí ilé, ó kí oko, ó kí àwọn ọmọ, ó tún padà kí ara líle, bàbá mi ń dáhùn, òun náà ń kí i padà. Mo dúró tì wọ́n, mò ń wo ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó fa ìlà pupa sí gbogbo ìkíni mi nìyí! Mo rí bírò náà nínú àpò àyà rẹ̀, ọwọ́ ń yún mi láti yọ ọ́.

Ìyá mi ti jókòó ní àgbàlá, àgbàdo wà lórí tápólì níwájú rẹ̀, ìgò àti iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi kò lọ sílé ìwé, òun ló máa fi ọwọ́ ṣe é. Tàńtí mi, tó ka ìwé díẹ̀, ni yóò máa kà á fún un. Ó ti Tchamba wá láàárọ̀ pẹ̀lú ìró àti bùbá tuntun, ẹni tó bá rí i á rò pé òun ni wọ́n fẹ́ fún ní dípúlọ́mà. Mèsíyé sọ òfin rẹ̀, bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: n kò gbọ́dọ̀ la ẹnu mi títí iṣẹ́ á fi parí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìyá mi ní "Bísímílà," ó sì ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè.

Tàńtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ẹ bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ lé e. Ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ, ẹ tún un sá." Ìyá mi mì í, ó gbé e sókè sí oòrùn. Iyọ̀ ṣàn wálẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu àgbàdo sínú àpò, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ti ń bù ú, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àgbàlá wa kò ní ògiri níwájú, àwọn ará àdúgbò ń kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" "Oo, ẹ ṣé o!" Àwọn obìnrin tó ń ti ìdí kànga bọ̀ kí i. Bàbá àgbà kan tó ń lọ sí mọ́sáláṣí dúró kí i. Ọmọdé tó ń da ewúrẹ́ kọjá pàápàá kí i. Kálukú wọn kí i tán, wọ́n wá wò mí. Ní ìlú wa, ènìyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀, tí ìyá ń làágùn, tí òun ń wò ó bí ẹni wo mọ́tò. Èmi sì rèé, tí mo di ẹnu mi pinpin.

Obìnrin àgbà kan dúró pátápátá. "Ọmọ yín tó wà ní Sokodé rèé? Ṣé ara ẹ̀ yá?"

"Ara ẹ̀ yá," ni ìyá mi dáhùn. Kò gbójú sókè. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ń tì í nítorí mi, nínú àgbàlá rẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe nítorí mi.

Tàńtí mi gbé ìwé náà lé orí àgbàdo. "Mi ò kà mọ́."

Bàbá mi ní, "Kí ló tún dé?"

"Wọ́n ní kó má ṣàlàyé, a gbà. Ṣé ẹ kú iṣẹ́ náà, àlàyé ni? Ìyàwó wa ti ń làágùn látàárọ̀, ọmọ tó bí ń wò ó bí ọlọ́pàá. Mi ò kà á mọ́ o."

Kò sí ẹni tó gbà mí sílẹ̀. Bàbá mi wúkọ́. Mèsíyé tẹ ojú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ èdè wa, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ díẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá la ẹnu, Tchamba ni. Bí n kò bá là á, tàńtí mi kò ní kàwé mọ́, Tchamba náà ni. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, kì í ṣe Tchamba ló ń dùn mí nígbà yẹn, ojú ìyá mi tí kò gbé sókè ni.

Mo dìde. Mo lọ síwájú ìyá mi, mo fi orúnkún mi méjèèjì kúnlẹ̀ sórí háhá àgbàdo, mo tẹrí ba, mo sì wà níbẹ̀. N kò sọ ohunkóhun.

Ìyá mi gbọ́wọ́ kúrò nínú àpò. Ó fi ọwọ́ eléruku náà kàn mí léjìká. "Oo," ló wí. "O ṣé o, ọmọ mi. Dìde."

Tàńtí mi pòṣé, ó mú ìwé rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n. Ibo la dé?"

A dé ibi tó le jù. Àpò ti kún, ìyá mi sì mú okùn. Ó kó ọrùn ọ̀rá méjèèjì àti ti àpò òde pọ̀ sí ọwọ́ kan, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é. Mo fi eyín di ìka ara mi. Tàńtí mi ń kà á lọ ní tirẹ̀, kò wo ọwọ́ ìyá mi: "Ẹ lọ́ ọrùn ọ̀rá kan ṣoṣo. Ẹ so ọ̀rá yẹn nìkan, ẹ má tíì so èyí tó kù."

Ìyá mi dáwọ́ dúró. "Èwo?"

"Ẹ dúró. Ó wà níbí. 'Ọ̀rá tó wà nínú pátápátá, èyí tó kan àgbàdo.'"

Ìyá mi tú ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ọ̀rá inú yọ, ó fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ó lọ́ ọ, ó so ó. Ó so ìkejì. Ó so àpò òde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Mèsíyé ti ń fi bírò pupa bi mí ní ìbéèrè yẹn, ìyá mi wá fi ẹnu ara rẹ̀ bi ìwé, ìwé sì dá a lóhùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Mo tún rántí pé n kò gbọ́dọ̀ pariwo.

Mèsíyé dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara àpò náà. Ó le gbọn-in. Ó wá yíjú sí mi, ó ní mo lè sọ̀rọ̀ báyìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti àárọ̀ pòórá. "Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o" ni mo rí sọ, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi kó tó parí.

Nígbà tí mo sin Mèsíyé dé ibi ọ̀kadà rẹ̀, mo bi í bóyá kíkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ni mo ní kí o má sọ. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan." Ó gun ọ̀kadà, ó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó tún dúró. "Àmọ́ ìwé rẹ máa dé ibi tí o kò ní sí. Ta ni á kúnlẹ̀ níbẹ̀?" Ó sì lọ, ó fi eruku sílẹ̀ fún mi.

Mo tún ìwé náà tẹ̀ ní Komah kí n tó fi í jíṣẹ́. Ìlà kan ni mo fi kún ojú tí mo kọ ní èdè wa, lókè pátápátá, ṣáájú ìgò àti iyọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọjọ́ tí Mèsíyé yẹ̀ ẹ́ wò níwájú mi, mo rí i tí bírò pupa rẹ̀ dúró sórí ìlà yẹn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Bírò náà gbéra, ó bọ́ sí ìlà kejì, kò kọ nǹkan kan.

Mo gba dípúlọ́mà mi. Mo ní tábìlì báyìí, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Sokodé, níbi tí mo ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà kúrú, ìwé àtijọ́ ni mo ká sábẹ́ rẹ̀, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo yà kí tàńtí mi ní Tchamba. Ó ti fi ọ̀rá bo ìwé àpò àgbàdo náà, ó so ó kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo bá àgbẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀, ará ọ̀nà Kambolé, tó ń ra àpò. Tàńtí mi ń kà á fún un bó ti ń kà á fún gbogbo ẹni tó bá rà. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló kọ́kọ́ kà.

Ọkùnrin náà kò wo tàńtí mi. Ìwé ló kọjú sí. "Oo, ẹ ṣé o," ló wí, ó sì súnmọ́ ọn láti gbọ́ èyí tó kù.

Nígbà tó lọ tán, tàńtí mi gbé àga fún mi láàárín àwọn àpò. Ó wò mí, ó wo ìwé tó so kọ́. "Ṣé mi ò sọ fún bàbá ẹ? Ẹnu ẹ yìí, ọjà ni Ọlọ́run dá a fún."